Káàdì Tí Ọ̀gá Tóòwìn Gbé Wá Fún Mi Tún Ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ rín in tán kó tó máa ka èyí lọ. Mi ò ní bínú. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín rí nígbà tí ẹnì kan ń sọ irú rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i. Kì í sì í ṣe òru, ọ̀sán ni. Oòrùn wà lókè, ọlọ́kadà ń fun fèrè níta, èmi nìyẹn níbi tí mo jókòó sí, tí irun orí mi dìde.

Orúkọ mi kò ṣe pàtàkì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé obìnrin ni mí, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999 ni, lásìkò ọyẹ́. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Pólì. Kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ nílùú nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé, aṣọ ló fi ń bò ó bí ẹni ń bo ọmọ tuntun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ ńlá kan tó ní irin gàgàrà àti ìkọ́ lẹ́yìn wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn. Mo mọ ọkọ̀ náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọkọ̀ Ọ̀gá Tóòwìn ni. Ọkọ̀ tó bá dànù lójú títì Àkúrẹ́ sí Benin, láti Ọ̀wọ̀ títí kọjá odò Ọ̀sẹ̀, òun ló máa ń lọ fi ìkọ́ wọ́ ọ kúrò lọ́nà. Apá Ìdóàní ló kọ́lé sí. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, kì í kí ènìyàn, kì í sì í dáhùn tí ènìyàn bá kí i.

Ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lórí tábìlì mi, gbì!

"Ìwọ ni wọ́n ní ó ń tún nǹkan yìí ṣe?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàsán, sà."

"Ìwọ obìnrin yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ojú wọ́n mi láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ní tí ìyàwó òun bá tẹ lẹ́tà lórí rẹ̀, kò ní wàhálà. Tí àwọn ọmọ bá ń yàwòrán lórí rẹ̀, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n tí òun bá ti gbé géèmù ọkọ̀ sísá sí i, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ojú rẹ̀ á fi dúdú kirikiri, tí gbogbo rẹ̀ á sì kú.

"Ṣé ó máa ń dún kó tó kú, sà?"

Ó wojú ẹ̀rọ náà. "Ó máa ń mí."

"Ó máa ń kí ni, sà?"

"Fáànù! Mo ní fáànù rẹ̀ máa ń dún bí ẹni ń mí. Ṣé o dití ni?"

Mo bi í níbi tó ti rà á. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe, kí n tún un ṣe, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n la nǹkan kan yé yín kí n tó lọ síwájú. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ya gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú rẹ̀. Káàdì àwòrán là ń pè é. Tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, bíi kí ènìyàn máa tẹ lẹ́tà, ara rẹ̀ á tutù. Ṣùgbọ́n géèmù ńlá, tí ọkọ̀ ń sáré, tí igi ń kọjá, tí eruku ń sọ, iṣẹ́ àṣelàágùn nìyẹn fún un. Á gbóná. Tí ó bá gbóná jù, á kú. Nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ooru ni, kò lè ju ooru lọ.

Mo tú kọ̀ǹpútà náà. Inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí mo ti ń rí, àfi káàdì yẹn. Káàdì òkè òkun gidi ni, irú èyí tí mi ò tíì fojú rí rí àfi nínú ìwé. Eruku ọyẹ́ wà lára rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n nǹkan kan gbẹ mọ́ ìdí fáànù kékeré tó wà lórí rẹ̀. Ó dúdú, ó sì ń dán. Mo rò pé gíríìsì ni. Mo ki òwú bọ sípírítì, mo fi nù ún.

Òwú náà pọ́n.

Mo sọ fún ara mi pé ìdípẹtà ni. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí irọ́ tí ènìyàn kì í pa fún ara rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wà níwájú rẹ̀.

Mo nù ún tán, mo yí fáànù rẹ̀ padà sí tuntun, mo dè é padà. Mo tẹ lẹ́tà lórí rẹ̀ fún wákàtí kan. Kò ṣe nǹkan kan. Mo wá gbé géèmù ọkọ̀ náà sí i, mo sì wo aago.

Ní ìṣẹ́jú keje, mo gbọ́ òórùn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran rí lówùúrọ̀, ẹ mọ òórùn yẹn. Kì í ṣe òórùn wáyà tó ń jó. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, gbogbo rẹ̀ sì kú.

Lójijì ni ó kú o, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ èémí. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń há, bí ìgbà tí omi bá wà lọ́fun ènìyàn.

Mo ti pa iná. Mo ti yọ wáyà sípíkà. Èémí náà kò dúró.

Ìgbà náà ni mo wo dígí dúdú tó wà níwájú mi. Ẹ mọ̀ pé tí kọ̀ǹpútà bá kú, ojú rẹ̀ a máa dà bíi jígí. Mo rí ara mi níbẹ̀. Mo rí ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi, mo rí oòrùn níta. Mo sì rí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí èjìká bíi ti ẹni tó sùn sínú ọkọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀.

Mo yíjú padà kíá. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì.

Ibi tí mo yíjú sí yẹn ni mo ti gbọ́ ọ létí òsì mi, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò lágbára:

"Mi ò tíì kú."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé òdìkejì ọ̀nà. Mo kàn bá ara mi níbẹ̀ láìwọ bàtà, láàárín àwọn ọlọ́kadà. Wọ́n bi mí bóyá ejò ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ejò ni.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò ti ilẹ̀kùn kí n máa lọ sílé ìyá mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí mi tún padà sí ti oníṣẹ́. Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Mo yọ káàdì inú kọ̀ǹpútà tèmi, mo fi sínú ti Ọ̀gá Tóòwìn. Géèmù náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan àbọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Mo wá mú káàdì tirẹ̀, mo fi sínú kọ̀ǹpútà tèmi.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré. Òórùn, òkùnkùn, èémí. Mi ò wo dígí nígbà yẹn o. Mo dì mọ́ tábìlì, mo pa ojú mi dé, mo fa wáyà yọ.

Kò sí àríyànjiyàn mọ́. Káàdì náà ni. Mo dá a padà sínú ẹ̀rọ Ọ̀gá Tóòwìn kí ó tó dé.

Ọ̀gá Tóòwìn dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé káàdì inú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé kí ó jẹ́ kí n wá òmíràn fi sí i, kí a sì sọ èyí nù.

Ó fi ọwọ́ lu tábìlì mi. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé olè ni gbogbo yín! O rí i pé ojúlówó ni, o fẹ́ yọ ọ́!"

"Sà, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Má fi Ọlọ́run búra fún mi. Jókòó. Ta géèmù yẹn níṣojú mi báyìí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ èmi àti òun, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ẹ̀rù ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lọ nígbà yẹn, òótọ́ ni mo sọ. Mo jókòó.

Ọ̀nà ìlú òyìnbó ló wà nínú géèmù náà. Òkè funfun, igi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, títì tó ń dán bí omi. Mo ń wa ọkọ̀ lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọ̀gá Tóòwìn ti sún mọ́ mi, ó dúró sẹ́yìn àga mi. Ní ìṣẹ́jú keje, òórùn yẹn dé. Mo gbọ́ tí ó fi imú fà á.

Mo ya kọ́nà kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Lẹ́yìn kọ́nà náà, kò sí òkè funfun mọ́. Ilẹ̀ pupa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Igi tíìkì ni ó tò lọ, àwọn ewé rẹ̀ ti gbẹ. Mo mọ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba Ọ̀wọ̀ lọ sí apá Ọ̀sẹ̀ mọ ibẹ̀, kọ́nà kan ni tó máa ń gba ẹ̀mí. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ó ń lọ fúnra rẹ̀, ó sì yà sínú igbó.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú.

Nínú dígí, ènìyàn mẹ́ta ni wá. Èmi lórí àga. Ọ̀gá Tóòwìn lẹ́yìn mi. Ọmọkùnrin aláṣọ funfun náà kò sí lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ó ti dìde. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Tóòwìn, ó sì fi ẹnu sí i létí.

"Mi ò tíì kú."

Mo rò pé ọkùnrin yẹn á sá bíi tèmi. Kò sá. Ó dá a lóhùn! Ó fi ohùn kan tí mi ò rò pé ó ní sọ ọ́, ohùn wẹ́wẹ́:

"Irọ́ ni. O ti kú. Mo fọwọ́ kàn ọ́, o ti tutù."

"Ọwọ́ tí o fi kàn mí lo fi gba báàgì mi."

"O ti kú!"

"Mo di ọwọ́ rẹ mú. O já a."

Lẹ́yìn ìyẹn, èémí yẹn nìkan ló kù. Ó ń há, ó ń há, ó sì dúró. Ọ̀gá Tóòwìn di ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú bí ẹni tí iná jó. Ó wá rántí pé mo wà níbẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

Ó tẹ̀ sí mi títí tí mo fi ń gbọ́ òórùn òógùn rẹ̀. "Mo mọ ilé ìyá rẹ. Tí n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ mi tó wà níta yẹn, ó tẹ ohun tó le ju ṣọ́ọ̀bù pákó lọ rí."

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó lọ. Èmi náà dákẹ́. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mi ò sọ fún ọlọ́pàá. Mi ò sọ fún pásítọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyàwó rẹ̀ tó wá bá mi. Ìyá Títí ni wọ́n ń pè é, obìnrin jẹ́jẹ́, tíṣà ni. Ó kúnlẹ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mo kéré sí i. Mo yára gbé e dìde.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi yọ nǹkan yẹn kúrò nílé mi. Ọkọ mi kò jẹun mọ́. Iwájú rẹ̀ ló ń sùn, iwájú rẹ̀ ló ń jí."

Mo fẹ́ kọ̀. Ojú rẹ̀ ni mi ò lè wò kí n kọ̀. A jọ wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a kọjá kọ́nà yẹn, ó gbé ojú kúrò lójú fèrèsé, ó sì sọ fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn èrò má baà gbọ́. Ó ní ṣáájú ọdún Kérésìmesì ni ọkọ òun gbé báàgì dúdú kan wálé, tí aṣọ ọ̀dọ́mọkùnrin àti ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Òun ló fọ báàgì náà. Omi mẹ́ta ni òun dà nù kí ó tó mọ́.

"Mo bi í pé, ṣé ẹni tó ni ín ti kú ni."

"Kí ni wọ́n wí, mà?"

Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. "Ó ní, 'Ó máa tó kú.'"

Mi ò ní gbàgbé ìdáhùn yẹn títí ayé.

Nígbà tí a délé wọn, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Ọ̀gá Tóòwìn wà ní pálọ̀, níwájú kọ̀ǹpútà. Ó ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi tètè mọ̀ ọ́n. Ìka rẹ̀ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó ń ya kọ́nà, ó ń ya kọ́nà. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ti ká a. Ìyá Títí ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, kò wẹ̀yìn. "Ṣé obìnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn ni? Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú. Sọ fún un pé mi ò rí i pé ó ń mí."

Ìyá Títí wò mí. Mo wò ó. A jọ mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, ó ń pa á fún òkú.

Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, àwọn nọ́ọ̀tì ń já bọ́ káàkiri ilẹ̀. Mo fọwọ́ kan káàdì náà. Ẹ̀rọ tí kò rí iná fún ọjọ́ mẹ́ta o, ó gbóná bí ara ènìyàn tí ibà ń ṣe. Mo fi ìborùn mi wé e. Bí mo ṣe yọ ọ́, ọkùnrin náà gbé orí lé tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ kékeré. Mo jáde.

Èrò mi ni pé kí n gbé e dé Ọ̀wọ̀, kí n gbé e fún pásítọ̀ wa, kí n sì ní kí ó bá mi lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Mo fẹ́ ṣe é. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ṣe é. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, mo gbé e lé itan. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

A ti ń sún mọ́ kọ́nà yẹn nígbà tí òórùn náà dé. Ìyá àgbà kan níwájú mi bo imú. Itan mi ń gbóná. Mo wá rí i pé ẹnì kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lójú fèrèsé. Mi ò wò ó. Mo rí apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ ìyá àgbà náà.

"Ìwọ náà gbọ́."

Mo di irin àga iwájú mi mú.

"Ìwọ náà gbọ́, o sì dákẹ́."

Ó fi ọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ mi. Ẹ má bi mí bó ṣe rí. Mo pariwo mọ́ dírẹ́bà pé kó dúró, mo gorí èrò kọjá, mo bọ́ sílẹ̀ lójú títì kó tó dúró dáadáa. Orúnkún mi bó. Nígbà tí mo gbójú sókè, bọ́ọ̀sì ti ń lọ, orí kan sì fara ti dígí fèrèsé ẹ̀yìn, ní ibi tí mo ti dìde.

Ìborùn mi àti ohun tó wà nínú rẹ̀ bá bọ́ọ̀sì náà lọ.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé abúlé tó wà níwájú. Mo wá bọ́ọ̀sì náà ní gáréèjì lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Kò sí dírẹ́bà tó mọ nǹkan kan. Ọ̀gá Tóòwìn kó ìdílé rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ara rẹ̀ ti yá, àwọn kan ní ó burú sí i. Mi ò tọpinpin. Orúkọ ọmọkùnrin yẹn, títí di òní, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ìyá tó bí i, mi ò mọ bóyá ó ṣì ń retí rẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnì kan gbé káàdì yẹn. Ojúlówó ni, kò sí ẹni tó máa rí i tó máa sọ ọ́ nù. Ó lè wà ní Àkúrẹ́, ó lè wà ní Benin, ó lè wà lára àlòkù tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú yín. Tí ẹ bá ra irú rẹ̀, tí ó sì ń kú tí géèmù bá ti le, tí òórùn ẹran tútù bá ń jáde níbẹ̀, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ má dúró di ìṣẹ́jú kẹsàn-án.

Tí ẹ bá sì bá ọkọ̀ tó dànù pàdé lọ́nà, tí àwọn ẹrù fọ́n ká, tí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ tí kò mira, ẹ má wò ó lójú kí ẹ sọ pé ó ti tán. Ẹ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ kọ́kọ́ gbé etí lé e láyà.